Kọ́míìkì Tó Wà Nínú Ike àti Èyí Tí Kò Sí Nínú Ike: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà?

Kọ́míìkì àtijọ́ kan náà lè wà lórí àtẹ lọ́nà méjì. Ọ̀kan ṣeé ṣí, ó ṣeé kà, ẹni tó ń tà á ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bó ṣe dára tó. Èkejì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ ìwé wò, wọ́n ti fún un ní máàkì, wọ́n sì ti sé e mọ́ inú ike líle tí kò ṣeé ṣí láìfọ́. Èkejì yìí máa ń wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, nígbà mìíràn ní ìlọ́po ìlọ́po, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á mọ ohun tí owó àlékún náà ń rà fún un. Ní èrò tèmi, owó náà tọ́ láti san lórí ìwé àtijọ́ olówó gọbọi, ṣùgbọ́n ó ti pọ̀ jù lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé tuntun.

Ohun tí máàkì náà ń sọ

Ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ rinlẹ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni CGC, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2000. CBCS, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, dé ní ọdún 2014. Máàkì bẹ̀rẹ̀ láti 0.5, ó sì parí sí 10.0. Igun ìwé, etí rẹ̀, eegun ẹ̀yìn rẹ̀, ìpẹtà ara pín tó dè é àti àwọ̀ bébà inú rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ní CGC, lébẹ́ẹ̀lì búlúù wà fún ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣe. Elésè-àlùkò wà fún èyí tí wọ́n ti tún ṣe. Aláwọ̀ ewé ń tọ́ka sí àbùkù ńlá kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kúrò lára máàkì. Yẹ́lò sì wà fún ìwé tí wọ́n buwọ́ lù níṣojú ẹlẹ́rìí ilé-iṣẹ́ náà. Bí ìbuwọ́lù bá ti wà lára ìwé tipẹ́ láìsí ẹlẹ́rìí, CBCS ní ètò tí wọ́n fi ń yẹ ìbuwọ́lù náà wò.

Ibi tí ìwé inú ike ti borí

Àtúnṣe tó fara sin ni ìdí tó lágbára jù lọ láti ra ìwé inú ike. Ẹnìkan lè fi yíǹkì kun ibi tí àwọ̀ ti bó, ó lè lẹ ibi tó ya, ó sì lè fi abẹ gé etí ìwé kí ó lè mú kedere bí tuntun. Etí gígé yìí le púpọ̀ láti rí nínú fọ́tò, bẹ́ẹ̀ ó lè gba èyí tó pọ̀ jù nínú iye tí ìwé náà tọ́ sí. Ẹni tó fẹ́ san owó ńlá lórí ìwé tó ti pé àádọ́ta ọdún, tí kò sì tíì mọ etí gígé yàtọ̀, kí ó má rà á láìsí ike.

Ibi tí ìwé tó ṣeé ṣí ti borí

Ẹ wo *The Incredible Hulk* nọ́ńbà 181 ti ọdún 1974, níbi tí Wolverine, akọni inú kọ́míìkì Marvel, ti kọ́kọ́ farahàn ní kíkún. Ilé-iṣẹ́ Marvel tẹ sítáǹpù kékeré kan sínú rẹ̀ fún àwọn òǹkàwé láti gé, ọ̀pọ̀ ọmọdé ìgbà náà sì gé e lóòótọ́. Èèpo ìwé náà lè máa dán gbinrin nígbà tí ihò onígun mẹ́rin wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ á ṣí i, á sì rí i fúnra rẹ̀. Ẹni tó ra ti inú ike á gbára lé ohun tí wọ́n kọ sí lébẹ́ẹ̀lì.

Ohun tó ń bí àwọn olùkójọ nínú

Inú máa ń bí àwọn tó ń fi ìwé ránṣẹ́ nítorí ìdúró tó lè gba oṣù púpọ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ láàárín 9.6 àti 9.8 ló ń dun ẹni tó ń rà jù. Lórí kọ́míìkì tuntun, ìlà tín-ínrín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pín, tí kò gùn ju mìlímítà méjì lọ, lè tó láti ya máàkì méjèèjì sọ́tọ̀, kí owó 9.8 sì jẹ́ ìlọ́po ti 9.6. Ojú ènìyàn ló ń ṣe ìdájọ́ yìí. Àwọn kan máa ń fọ́ ike, wọ́n á tún fi ìwé kan náà ránṣẹ́, yóò sì padà wá pẹ̀lú máàkì mìíràn. Mi ò rí ìdí tí ènìyàn fi gbọ́dọ̀ san ìlọ́po owó lórí ohun tí olùyẹ̀wò kan náà lè yí padà lọ́la.

Ẹ wo ìlà náà dáadáa. Bí yíǹkì bá ti bó níbẹ̀ tí funfun bébà sì hàn, kò ní lọ mọ́. Bí àwọ̀ kò bá tíì bó, wọ́n lè fi ẹ̀rọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, CGC kò sì ka irú títẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí àtúnṣe. Nítorí náà, ìwé tí kò sí nínú ike, tó tẹ̀ díẹ̀ níbì kan ṣùgbọ́n tí àwọ̀ rẹ̀ kò bó, lè jẹ́ ọjà tó dára jù lọ fún ẹni tó lójú.

Ike fúnra rẹ̀ kì í dá ọjọ́ ogbó dúró. Bébà tí wọ́n fi igi ṣe ní oró ásíìdì nínú, ooru àti ìmọ́lẹ̀ yóò sì máa sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú níbi yòówù kí ó wà. Bí ìwé bá ń mì nínú ike lójú ọ̀nà, igun rẹ̀ lè ṣẹ́, síbẹ̀ nọ́ńbà orí lébẹ́ẹ̀lì kò ní yí padà. Ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí pé àwọn oníjìbìtì ṣí ike, tí wọ́n pààrọ̀ ìwé inú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ san owó

Bó bá jẹ́ ti inú ike, ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀rí orí lébẹ́ẹ̀lì wá a lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ rí i pé orúkọ ìwé àti máàkì bára mu. Bí fọ́tò bá wà níbẹ̀, ẹ fi í wé èyí tó wà níwájú yín, igun sí igun. Ẹ yẹ etí ike wò bóyá ó ti là tàbí ó ní àmì irinṣẹ́. Láàárín 9.0 méjì tí owó wọn dọ́gba, ẹ mú èyí tí bébà rẹ̀ funfun jù. Bó bá jẹ́ èyí tí kò sí nínú ike, ẹ béèrè fọ́tò eegun ẹ̀yìn, pín méjèèjì, ojú ìwé àárín gbùngbùn àti gbogbo ibi tí kúpọ́ọ̀nù tàbí sítáǹpù wà. Olùtà tó bá kọ̀ láti ya àwọn fọ́tò wọ̀nyí, ẹ fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún un.