Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wo ló lè pẹ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ilé-ẹ̀kọ́ adití?

Ní ilé-ẹ̀kọ́ adití ti ìjọba ní Èkìtì, inú họ́sítẹ́ẹ̀lì lọmọ ń gbé. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 13 kí òbí tó tún fojú kan ẹ̀rọ tó rà. Ìyẹn ló yẹ ká fi wọn ẹ̀rọ, kì í ṣe ẹwà rẹ̀.

Èyí tó ń wà lápò àyà, tí wáyà rẹ̀ gùn dé etí, ti di ti àtijọ́ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ bátìrì rìmóòtù ló ń lò, kò sì sí ìsọ̀ tí kò tà á. Wáyà rẹ̀ ló máa ń já. Èyí tí wọ́n ń ṣáàjì ń fẹ́ iná wákàtí 3 sí 4. Níbi tí iná kò ti dájú lóru, ẹ má rà á. Èyí tó ń gun ẹ̀yìn etí, tó ń lo bátìrì bíi bọ́tìnnì, la fọwọ́ sí, bí òbí bá lè ṣírò.

Ìṣirò náà rèé: bátìrì nọ́ńbà 675 aláwọ̀ búlúù, ti ẹ̀rọ alágbára, máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ 2. Etí méjì fún sáà kan jẹ́ 14. Ẹ ra páálí oní-6 mẹ́ta. Nọ́ńbà 13, aláwọ̀ ọsàn, máa ń tètè kú jù bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń jí bátìrì yìí: bí ẹ bá ti ṣí bébà ojú rẹ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, lílẹ̀ ẹ́ padà kò dá a dúró. Ẹ jẹ́ kó gba afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú 3 sí 5 kí ẹ tó kì í bọ ẹ̀rọ. Lásìkò ọyẹ́, ó ń tètè gbẹ. Fún ọmọ kékeré, ẹ béèrè èyí tí ilé bátìrì rẹ̀ ṣeé tì. Ọmọ tó bá gbé bátìrì mì, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni.

Ike inú etí, tí wọ́n ń ṣe bá etí ọmọ mu, ló ń ba orúkọ ẹ̀rọ yìí jẹ́ jù. Etí ọmọ ń dàgbà, ike ò dàgbà. Bí àyè bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike, ohùn á sá jáde, á padà wọ máìkì, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ọmọ tó wọ̀ ọ́ lè má gbọ́ súfèé náà. Olùkọ́ ló ń gbọ́, á ní kó pa á. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ olówó gọbọi ṣe ń di ẹrù inú àpótí. Ó kéré tán, kí wọ́n máa ṣe ike tuntun lọ́dọọdún. Ti ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5 kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ó mọ́ ẹ̀rọ náà máa ń le gbagidi láàárín oṣù díẹ̀; ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ yọ ike àti rọ́bà kúrò lára ẹ̀rọ, ẹ fi omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, ẹ fẹ́ omi inú rọ́bà jáde, kó gbẹ mọ́jú. Omi ò gbọdọ̀ kan ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.

Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù kíláàsì, kò sí ọ̀kan nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí tó lè ya ọ̀rọ̀ olùkọ́ sọ́tọ̀ dáadáa. Ọmọ tí àyẹ̀wò etí rẹ̀ kọjá 90 dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe gbọ́dọ̀ le tó kó tó gbọ́ ọ) sì lè gbọ́ ìlù tàbí hòòǹ, kí ọ̀rọ̀ má yé e. Èdè ọwọ́ ni tirẹ̀, èyí tí Andrew Foster, míṣọ́nnárì adití láti Amẹ́ríkà, gbé wá sí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Nídìí ẹ̀rọ omi àti lórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń kọ́ ọ yára jù, kíláàsì ń tẹ̀ lé e ni.

Èyí tí wọ́n ń kiri lọ́jà, tí wọn ò wọn etí ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó tà á, ariwo lásán ló ń fi kún ariwo. Ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn etí ní ilé ìwòsàn ńlá Adó tàbí Ìdó. Lọ́jọ́ ìwọlé, ẹ fi àmì ara ẹ̀rọ han ìyá họ́sítẹ́ẹ̀lì: pupa, etí ọ̀tún; búlúù, etí òsì.