Tẹlifíṣọ̀n ilé wa ní Houston, nínú yàrá mi ní Columbus: ohun tí mo rí lẹ́yìn ọdún méjì

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ Texans, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti Houston, nílé wa níbẹ̀. Ìsìn àárọ̀ kùtù ni Bàámi máa ń lọ, torí pé agogo méjìlá ọ̀sán ni ìdíje sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí KHOU, ìkànnì tẹlifíṣọ̀n kan ní Houston, èmi náà á sì ti jókòó tì wọ́n. Nígbà tí mo lọ sí yunifásítì ní Columbus, ìpínlẹ̀ Ohio, ní 2023, Browns tàbí Bengals, àwọn ẹgbẹ́ Ohio, ni mo ń bá lórí tẹlifíṣọ̀n, nítorí pé àgbègbè àgbègbè ni wọ́n ń pín ìdíje NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà yìí, fún àwọn ìkànnì. Mo mọ̀ pé NFL Sunday Ticket, ètò tó ń fi ìdíje àwọn àgbègbè mìíràn hàn, wà lórí YouTube, ṣùgbọ́n ìròyìn alẹ́ Houston àti ìkìlọ̀ ìjì kò sí nínú ìyẹn. Ohun tó wà níwájú Bàámi gan-an ni mo fẹ́ kó wà níwájú mi.

Slingbox, àpótí tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n ilé gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ síbòmíràn, ni wọ́n máa ń lò fún irú èyí tẹ́lẹ̀. Ó jáde ní 2005. Àwọn Krikorian, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ló ṣe é kí wọ́n lè máa wo San Francisco Giants bí wọ́n bá rìnrìn àjò. Ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá 2022, wọ́n pa sáfà rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí àwọn àpótí náà gbára lé, wọn kò sì lè ṣe iṣẹ́ wọn mọ́. Ìyẹn ni mo fi pinnu pé inú ilé wa ni sáfà tèmi máa wà.

Mo gbé áńtẹ́nà sí òkè àjà, mo kọjú rẹ̀ sí ìhà Missouri City, níbi tí àwọn òpó gíga tó ń gbé ìkànnì Houston sáfẹ́fẹ́ wà. Ẹ má ra áńtẹ́nà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé bí mo ti kọ́kọ́ ṣe. Orí VHF, ọ̀kan nínú àwọn ìpín ìgbì tẹlifíṣọ̀n, ni KHOU àti KTRK, ìkànnì Houston mìíràn, wà, ìgbì VHF gùn, áńtẹ́nà kékeré kì í gbá a mú dáadáa. Wáyà áńtẹ́nà wọnú HDHomeRun, àpótí kékeré tí SiliconDust ń ṣe, tó lé díẹ̀ ní 100 dọ́là nígbà tí mo rà á. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba tẹlifíṣọ̀n látinú áńtẹ́nà, kó dà á sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé. Tuner, ohun tó ń gba ìkànnì, méjì ló wà nínú tèmi, mo lè máa wo ìkànnì kan kó máa gba òmíràn sílẹ̀.

Àpótí yẹn nìkan kò lè gbé e dé Ohio o. Mo fi Jellyfin, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tó ń fi fídíò ránṣẹ́ sórí ẹ̀rọ mìíràn, sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àlòkù kan, òun ló ń sọ àwòrán di kékeré kó tó jáde nílé. Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Íntánẹ́ẹ̀tì ilé wa ń gba 300 Mbps (ìwọ̀n ìyára íntánẹ́ẹ̀tì) wọlé, ṣùgbọ́n 10 péré ló lè jáde. MPEG-2, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀, ni tẹlifíṣọ̀n áńtẹ́nà yìí, ìgbì kan sì lè gbé tó 19.39 Mbps. Bí ẹ bá rán an bó ṣe rí, àmì ìdúró á kàn máa yí bírí ni. Mo dín in sí 720p (ìwọ̀n àwòrán) ní 4 Mbps, nọ́ńbà ẹ̀yìn àwọn eléré sì ṣeé kà. Mo gbìyànjú 6. Ó dára títí Màámi fi bẹ̀rẹ̀ ìpè fídíò pẹ̀lú àwọn àbúrò wọn ní Abẹ́òkúta, ni tiwọn àti tèmi bá jọ ń dúró. Mo padà sí 4. Ìpè yẹn ṣe pàtàkì ju bọ́ọ̀lù lọ.

Tailscale, ètò tó ń so àwọn ẹ̀rọ pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló so ilé méjèèjì pọ̀. Kọ̀ǹpútà ilé àti láptọ́ọ̀pù mi gba àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100, wọ́n sì ń rí ara wọn bí ẹni pé inú ilé kan ni wọ́n wà. Mi ò ní láti ṣí ọ̀nà kankan sílẹ̀ lórí router (àpótí íntánẹ́ẹ̀tì) Bàámi fún ará ìta. Wi-Fi àpátímẹ́ǹtì wa ń ya ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, wọn kì í rí ara wọn, torí náà wáyà HDMI ni mo fi ń so láptọ́ọ̀pù mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pa Wi-Fi fóònù yín, kí ẹ fi dátà dán gbogbo rẹ̀ wò.

Àléébù tó dùn mí jù ni pé àwòrán ń pẹ́, ó máa ń tó ìdajì ìṣẹ́jú. Bí èmi àti Bàámi bá wà lórí fóònù, mo ti máa ń gbọ́ ariwo wọn kí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù tó gbéra lójú tèmi. Àwọn fúnra wọn ló wá ojútùú rẹ̀: wọ́n fi áńtẹ́nà tààrà sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wo ti Jellyfin náà. Wọ́n ní kí a ṣáà jọ pẹ́, kí a lè jọ pariwo.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, gbogbo rẹ̀ kú lóru. Bàámi ti yọ gbogbo nǹkan lára iná kí wọ́n tó sùn, àṣà tí wọ́n gbé bọ̀ láti Ìbàdàn. Màámi so òwú pupa mọ́ wáyà kọ̀ǹpútà náà, kò sì ṣẹlẹ̀ mọ́. Èmi náà wọ BIOS, ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà náà, mo yàn án pé bí iná bá lọ tó sì padà dé, kí kọ̀ǹpútà tan ara rẹ̀. Ẹ má fo ìyẹn.

Iṣẹ́ ìgbà ẹ̀rùn ni mo dúró ṣe ní Columbus nígbà tí ìjì Beryl wọ Houston ní ọjọ́ 8 oṣù keje 2024. Iná lọ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù méjì, ilé wa wà lára wọn. Ọjọ́ tí mo fẹ́ rí ilé jù lọ ni ẹ̀rọ yìí kò lè fi ohunkóhun hàn mí. Ìpè fóònù tó ń já ló sọ fún mi pé àlàáfíà ni wọ́n wà. Mo ń ṣí Tailscale láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ǹpútà ilé wa di àwọ̀ ewé. Mo ti mọ̀ pé iná ti dé kí Màámi tó pè mí.