Owó Ìwọ̀lú Ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù: Ṣé Ẹni Tó Sanwó Ń Rí Ọjà Rẹ̀ Gbà?

Ẹni tó bá san owó tí ìlú Lọ́ńdọ̀nù ń gbà lórí ọkọ̀ tó wọ àárín ìlú, ọ̀nà tó já gaara ló ń rà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ fi ojú oníbàárà wo iṣẹ́ náà.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2003, lábẹ́ Ken Livingstone tó jẹ́ olórí ìlú nígbà náà, pọ́ùn 5 ni wọ́n ń gbà lóòjọ́. Kò sí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró gba owó. Kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà ọkọ̀, ẹni tí kò bá sì san, ìwé ìtanràn yóò bá a délé. Láàárín ọdún kan, ọkọ̀ tó ń wọ agbègbè náà fi nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 dín kù, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì fi nǹkan bí ìdá 30 rọlẹ̀. Fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ kó ọjà lọ sí ilé ìtajà, tàbí oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń gbé irinṣẹ́ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ oníbàárà kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn, wákàtí kan tí kò ṣòfò lójú pópó lérè ju pọ́ùn 5 lọ. Òfin sì pàṣẹ pé kí owó tó bá ṣẹ́kù lọ sórí ètò ìrìnnà, bọ́ọ̀sì ló sì jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, tí ẹni tí kò ní ọkọ̀ rárá náà fi rí ti tirẹ̀ gbà.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé iye kan náà ni fún odindi ọjọ́. Ẹni tó san án láàárọ̀ lè máa yí ká àárín ìlú títí di ìrọ̀lẹ́ láìfi nǹkan kún un, ẹni tó sì wọlé lọ́sàn-án nígbà tí ọ̀nà dá kò rí ẹ̀dínwó kankan. Títí di ọdún 2019 pàápàá, ọ̀fẹ́ ni ọkọ̀ takisí tí a ń fi fóònù pè ń wọlé, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Pẹ̀lú iṣẹ́ títún ọ̀nà ṣe tó ń dí ojú pópó, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ padà, owó náà sì di pọ́ùn 15 lọ́dún 2020.

Mo fara mọ́ ti Stockholm, olú ìlú Sweden, ju èyí lọ. Nígbà tí wọ́n dán an wò lọ́dún 2006, bí aago bá ṣe rí ni owó ṣe rí, láti króńà 10 sí 20 lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbọdọ̀ ju 60 lọ lóòjọ́. Ọkọ̀ fi nǹkan bí ìdá 20 dín kù. Nígbà tí ìdánwò parí, ọ̀pọ̀ wọn padà sójú ọ̀nà, àwọn ará ìlú sì fúnra wọn dìbò pé kí ó máa bá a lọ.

Owó èéfín, tí Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí gbà lọ́dún 2019 lórí ọkọ̀ àtijọ́ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ jù, ṣe afẹ́fẹ́ láǹfààní, ṣùgbọ́n ó ni òṣìṣẹ́ òru lára. Aago méjìlá òru ni ọjọ́ ń yí padà, nítorí náà ẹni tó wa ọkọ̀ àtijọ́ lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́, tó sì wà á padà láàárọ̀, yóò san pọ́ùn 12.50 lẹ́ẹ̀mejì lórí iṣẹ́ òru kan ṣoṣo. Kí wọ́n ka àlọ àti àbọ̀ òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ọjọ́ kan ni àtúnṣe àkọ́kọ́ tí mo ń béèrè fún.