Àwo Poly-Rythmo méjì: èwo ni kí ènìyàn kọ́kọ́ rà?

Àwo méjì àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ Analog Africa ti Jámánì fi kó orin àtijọ́ Orchestre Poly-Rythmo, ẹgbẹ́ olórin ti Kútọnú ní ilẹ̀ Benin, jọ nìyí: The Vodoun Effect, tó jáde ní ọdún 2008, àti Echos Hypnotiques, tó tẹ̀lé e ní 2009. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká méjèèjì, èkíní ni kí ó rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èkejì ni ohùn rẹ̀ mọ́ jù.

Àwọn orin inú èkejì jẹ́ èyí tí ẹgbẹ́ náà ṣe fún Albarika Store, ilé-iṣẹ́ Seidou Adissa (orúkọ náà, Albarika, alùbáríkà tí gbogbo wa mọ̀ náà ni), púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Èkó ni wọ́n ti gbà wọ́n sílẹ̀. Fèrè ń dún gbọnrangandan, gìtá sì dá dúró láàyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn orin inú èkíní, tí wọ́n jẹ́ ti ọdún 1972 sí 1975, inú ilé lásán ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ Nagra gbà wọ́n sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò àwo kéékèèké. Ìlù, gìtá béèsì àti dùrù há mọ́ra bí èrò inú ọkọ̀, ohùn akọrin a sì máa gbóná kọjá ohun tí ẹ̀rọ lè gbé, síbẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe fi funk, orin ijó Amẹ́ríkà bíi ti James Brown, lé orí ìlù ìbílẹ̀ sato àti ti Sakpata, òrìṣà tí àwa ń pè ní Ṣọ̀pọ̀ná, tí ènìyàn kò fi ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí.

Mélomé Clément ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1968. Ikú Papillon onígìtá àti Yehouessi onílù, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, dá ẹsẹ̀ wọn dúró. Àwọn àwo wọ̀nyí wà lára ohun tó tún jí wọn dìde, tó sì gbé wọn dé orí ìtàgé Yúróòpù. Wọ́n ṣe àwo tuntun, Cotonou Club, ní 2011, Clément sì kú ní ọdún tó tẹ̀lé e. Àwo tuntun náà kò burú, àmọ́ ó ti mọ́ tónítóní jù fún etí mi.

Ẹni tó ta èkíní fún mi kò dì í dáadáa, igun páálí rẹ̀ sì ti ká kí ó tó dé ọwọ́ mi. Àwo fúnra rẹ̀ kò ní àléébù kankan.