Pádì àrán tí mo rà sí hẹ́dífóònù tó ń fún mi lórí

Ohùn gígé niṣẹ́ mi, fáwọn tó ń ṣe pọ́díkáàsì àtàwọn tó létò lórí rédíò, ọjọ́ míì wà tí hẹ́dífóònù máa wà létí mi fún wákàtí 6. Èyí tí mo ń lò jẹ́ irú àwọn dúdú tó máa ń bo etí pátá tí wọ́n ń lò ní sítúdíò, ohùn ẹ̀ mọ́ kedere, ibi téèyàn bá ti mí kanlẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ pàápàá màá gbọ́ ọ, àmọ́ ó ń fún mi lórí. Kó tó tó ìṣẹ́jú 40 ẹ̀bátí á ti máa ro mí, àárín orí á máa dùn mí, ọ̀pá gíláàsì mi á sì ti há sáàárín pádì (tìmùtìmù tó yí etí ká) àti egungun. Mi ò dárúkọ ẹ̀ torí kì í ṣe òun nìkan, ọ̀pọ̀ hẹ́dífóònù sítúdíò ló ń dì mọ́ orí bẹ́ẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni kí ohùn inú ẹ̀ má bàa jáde lọ bá máíkì, kí ariwo ìta náà má sì ráyè wọlé.

Mo ti fẹ́ tà á. Wáyà ẹ̀ ló bà jẹ́ tí mo fi lọ sí Computer Village n'Ìkẹjà, ọmọkùnrin tó ta wáyà fún mi wo pádì ẹ̀, ó ní, "Àǹtí, pádì yín ti kú o, ẹ má tíì tà á." Òótọ́ ló sọ. Fóòmù inú ẹ̀ ti tẹ́ pẹlẹbẹ, awọ ojú ẹ̀ (kì í ṣe awọ gidi, rọ́bà tí wọ́n ṣe bí awọ ni) ti ń bó, á wá máa lẹ̀ mọ́ mi lọ́rùn bí èédú wẹ́wẹ́, òógùn àti ìpara irun ló ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Torí pé fóòmù ti tẹ́, etí mi ń kan ibi líle tí ohùn ti ń jáde, gbogbo ìgbà yẹn mo rò pé bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn!

₦9,000 ni mo ra pádì àrán náà. Aṣọ onírun tó múlọ́ ló wà lójú ẹ̀, fóòmù inú ẹ̀ sì jẹ́ èyí tó máa ń rọ̀ tí ara bá ti mú un gbóná. Láti fi í sí i, etí aṣọ kan wà lẹ́yìn pádì tó gbọ́dọ̀ wọ inú ojú ihò tóóró yí ká, káàdì ATM ni mo fi ń tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, ti àkọ́kọ́ gbà mí ní ìṣẹ́jú 20, ìkejì ò ju 3 lọ.

Ìtura ẹ̀ pọ̀ gan-an. Ọ̀pá gíláàsì mi kàn rì sínú aṣọ yẹn ni, kò tẹ̀ mí lẹ́bàá etí mọ́, tí wọ́n bá sì múná lọ tí fáànù dúró, etí mi ò lómi bíi ti tẹ́lẹ̀, torí aṣọ ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé.

Ibẹ̀ náà sì ni wàhálà ẹ̀ wà o. Ibi tí atẹ́gùn ń gbà, ibẹ̀ náà ni béèsì, ìyẹn ìsàlẹ̀ ohùn, ń gbà sá lọ. Mo ń gé ohùn àwọn onídùndún kan, mo gbọ́ pé ìsàlẹ̀ ohùn ìyá ìlù ti tín-ín-rín jù, ni mo bá fi béèsì kún un, nígbà tí mo gbé e sórí sípíkà ní pálọ̀ ṣe ló ń mi ògiri. Mo tún gbogbo ẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, pádì àrán ni mo fi ń gé ọ̀rọ̀, àmọ́ orí sípíkà ni mo ti ń yẹ béèsì wò kí n tó fi ránṣẹ́. Wọ́n ní irú kan tó jẹ́ awọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, aṣọ níbi tó kan ojú, òun ni màá rà tí èyí bá gbó, torí ó máa ń di béèsì mú ju aṣọ lásán lọ.

Pádì ò yanjú fífún ẹ̀ ṣá. Páálí kan tó fẹ̀ ju orí mi lọ díẹ̀ ni mo fi í há di ọjọ́ kejì, mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dẹ̀. Irin ló wà nínú ọ̀já tèmi (ibi tó gba àárín orí kọjá), tí tiyín bá jẹ́ rọ́bà nìkan ẹ má fipá fà á, ó lè sán. Ẹ má sì jẹ́ kó dẹ̀ jù, béèsì á tún dín kù, tẹ́ ẹ bá tẹrí ba á sì já bọ́. Ti àárín orí tó ń dùn mí, mo fa apá ẹ̀ méjèèjì gùn sí i ní ìwọ̀n kan, mo rán tówẹ́ẹ̀lì mọ́ abẹ́ ọ̀já, tí mo bá dirun, ojú pàtí ni mo ń gbé e sí, kì í ṣe orí dídì. Yẹtí, ẹ bọ́ ọ jàre.

Mo fún pádì náà ní 4 nínú 5, béèsì ló jẹ 1. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó mú hẹ́dífóònù ẹ̀ dání lọ sọ́jà, kó fi wò níbẹ̀ kó tó sanwó, tèmi gùn bí ẹyin ni, àwọn roboto tí wọ́n kọ́kọ́ mú wá fún mi ò wọlé rárá.