Tráàmù onínọ́ńbà 2 ní Budapest: ẹ jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún

Ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn bíi tèmi, tí ẹ sì ní ọjọ́ kan péré láti wo Budapest, olú ìlú Hungary, ẹ ṣọ́ owó yín lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Èmi àti àbúrò mi sanwó ọ̀kan láàárọ̀. Gíláàsì rẹ̀ ṣú bàìbàì, ohun tí wọ́n ní ká kì bọ etí kó máa ṣàlàyé ìlú fún wa kò sì fọhùn títí a fi gúnlẹ̀.

La bá lọ wọ tráàmù aláwọ̀ ìyeyè náà, ọkọ̀ tó ń rìn lórí irin láàárín ìgboro, ní Jászai Mari tér, lẹ́bàá afárá Margit. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ìgboro lásán ni. Ẹ ṣáà rí i pé ẹ kì í bọ ẹ̀rọ inú ọkọ̀ kó sààmì sí i, torí àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò kì í gbẹ̀bẹ̀ àlejò. Láti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ, ọwọ́ ọ̀tún ni odò Danube wà. Ilé yẹn ga ní mítà 96, torí ọdún 896 ni wọ́n ní àwọn baba ńlá àwọn ará Hungary tẹ̀dó sílẹ̀ náà. Ààfin Buda wà lórí òkè lódìkejì. Ìlú ọ̀tọ̀ ni Buda àti Pest tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀ mọ́ Óbuda ní 1873.

A sọ̀ ní Kossuth Lajos tér, a rìn díẹ̀ létí odò. Bàtà ni mò ń tà, bàtà náà ló sì dá mi dúró níbẹ̀: ẹsẹ̀ méjì-méjì lọ́nà 60, irin ni gbogbo wọn, wọ́n kọjú sómi. Láàárín 1944 sí 1945, àwọn Nyilas, ẹgbẹ́ òṣèlú Hungary tó ń bá Hitler ṣe, kó àwọn Júù wá sí bèbè odò, wọ́n ní kí wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n yìnbọn fún wọn, odò sì gbé wọn lọ. Bàtà lówó lórí nígbà ogun. Ìrántí wọn ni wọ́n gbé kalẹ̀ síbẹ̀ ní 2005. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mi ò rántí orúnkún mọ́. Òmíràn ti jẹ ní gìgísẹ̀, bíi ti oníbàárà tó máa ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rìn. Okùn òmíràn tú. Ti ọmọdé kan wà níbẹ̀ tó kéré gan-an. Àbúrò mi tó ti ń ya fọ́tò látàárọ̀ ti fóònù bọ àpò.

Ó pẹ́ ká tó tún wọkọ̀. A kọjá lẹ́bàá afárá Széchenyi, ti 1849, tí àwọn ará Jámánì fọ́ ní 1945 tí wọ́n sì tún kọ́, a wá sọ̀ ní Fővám tér, níbi ọjà alájà ti 1897. A jẹ lángos lókè: ìyẹ̀fun tí wọ́n pò, tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n dín lọ́pọ̀ òróró, tí wọ́n wá da wàrà kíkan àti wàràkàṣì lé. Ó dùn, àmọ́ ọ̀kan tó ẹni méjì jẹ. Owó rẹ̀ nínú ọjà yẹn ti pọ̀ jù.

Ẹ dúró dalẹ́ kẹ́ ẹ tó padà, kí wọ́n lè ti tanná sáwọn afárá. Ọkọ̀ á kún o. Ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ jókòó sí nígbà yẹn.