Adankolo, Felele, Lokongoma tàbí Kàbà: níbo ni kí ẹ ti gba ilé?

Bí ẹ bá ń wá ilé ní Lọ́kọ́jà, ní ìpínlẹ̀ Kogi, tí ẹ sì wọ yàrá kan ní Adankolo tàbí lójú ọ̀nà Ganaja, ẹ má tíì bi ajẹ́ńtì léèrè iye owó. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ẹ wo inú balùwẹ̀, kí ẹ sì fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri. Lánlọ́ọ̀dù á ti kun ilé lọ́dà, àmọ́ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni ọ̀dà kì í sábà dé. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìlà pupa rúsúrúsú kan lọ́dún tí mò ń wá ilé ní Lọ́kọ́jà. Ó ga dé àyà mi, ó sì gún régé bí ìgbà tí wọ́n fi rúlà fà á. Ibi tí omi dé ni. Ajẹ́ńtì tó mú mi lọ ní ọ̀dà ló yọ́ síbẹ̀.

Odò Ọya wọ ilé àwọn èèyàn ládùúgbò yẹn ní 2012, ó sì tún wọ̀ ọ́ ní 2022. Ìdí nìyẹn tí ilé ibẹ̀ fi ń dínwó. Ọjà kò jìnnà, ọ̀kan nínú ọgbà Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ sì wà ní Adankolo, ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ lè fẹsẹ̀ rìn. Mi ò ní kí ẹ má gbà á. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òkè ni kí ẹ wá a sí, kí ẹ sì lọ wò ó ní oṣù kẹsàn-án tàbí oṣù kẹwàá, nígbà tí odò ti kún. Ilé tí ẹ wò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì fi ara rẹ̀ hàn yín.

Felele ni ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Pólì ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀, ọgbà ńlá yunifásítì náà sì wà níbẹ̀, nítorí náà yàrá kan tó ní ilé ìdáná àti balùwẹ̀ tirẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ jù. Bí iléèwé bá fẹ́ wọlé, owó á gbẹ́nu sókè. Ìgbà ìsinmi ni kí ẹ lọ. Ojú ọ̀nà Àbújá ni, ariwo tírélà kì í dákẹ́ lóru, ẹni tó ní ọmọ kékeré á máa ṣọ́ ọ ṣáá.

Omi ló yẹ ká dúró lé lórí dáadáa, torí òun ló ń jẹ owó ọ̀pọ̀ èèyàn láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Ká ní ilé kan jẹ́ 250,000 náírà lọ́dún, kò ní kànga, kò ní bóhò. Ẹ ń ra kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá lójúmọ́ lọ́wọ́ mẹ́ruwà, ìyẹn ẹni tó ń ta omi kiri, ká fi kẹ́ẹ̀gì kan sí 50 náírà. 500 náírà lójúmọ́ nìyẹn, 15,000 lóṣù, 180,000 lọ́dún. Ilé ti di 430,000. Èkejì rẹ̀ tó jẹ́ 400,000, tí omi ń yọ nínú ọgbà rẹ̀, tẹ́ ẹ ti sá fún, òun ló dínwó jù! Ẹ béèrè bóyá omi kànga náà ṣì máa ń wà ní oṣù kẹta. Ẹ má bi lánlọ́ọ̀dù, àwọn ará ilé ni kí ẹ bi.

Lokongoma wọ́n, Phase 1 àti Phase 2. Òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ níbẹ̀, ó jìnnà sódò, oorun á wá lálẹ́. Bí agbára yín kò bá ká fúláàtì oníyàrá mẹ́ta, kí tẹ̀gbọ́n tàbúrò para pọ̀ gbà á. Èmi tí mo ní ọmọ, ibẹ̀ ni mo máa mú bí Lọ́kọ́jà bá jẹ́ dandan.

Bí kò bá sì jẹ́ dandan, Kàbà, ìlú mìíràn ní ìpínlẹ̀ Kogi kan náà, ni mo fẹ́ràn jù. Ooru ibẹ̀ kò tó ti Lọ́kọ́jà rárá. Ọ̀nà oníkọnkéré tí Dangote ṣe láti Ọ̀bájànà, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì rẹ̀ wà, wá sí Kàbà jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 43, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀bájànà lè máa sùn ní Kàbà. Níbẹ̀, ẹ kò ní fi bẹ́ẹ̀ nílò ajẹ́ńtì. Ẹ béèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ẹ̀wà. Bàbá onílé á jáde, ẹ ó kí i pé “Okun o”, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń kíni, òun náà á bi yín pé ọmọ ta ni yín, ìlú wo lẹ ti wá, kó tó dá owó. Ẹ dáhùn dáadáa, ẹ má kánjú. Mo ti rí ibi tí ìdáhùn yẹn ti dín owó ilé kù. Àmọ́ ìyá tàbí bàbá onílé á máa gbé ọgbà kan náà pẹ̀lú yín, ẹni tó bá ń pẹ́ wọlé lálẹ́ yóò gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ní Lọ́kọ́jà, ọ̀pọ̀ ajẹ́ńtì ń gba ìdá kan nínú mẹ́wàá, àgírímẹ́ǹtì ìdá kan nínú mẹ́wàá mìíràn: ilé 400,000 ti di 480,000 lọ́dún àkọ́kọ́. Owó ilé fúnra rẹ̀, àkáǹtì lánlọ́ọ̀dù ni kí ẹ san án sí, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ san án, ẹ fi nọ́ńbà mítà ilé náà ra iná 1,000 náírà lójú lánlọ́ọ̀dù. Bí yúnìtì tó wọlé bá kéré ju bó ṣe yẹ lọ, gbèsè ayálégbé tó kó jáde ló wà lórí mítà. Ẹ jẹ́ kó san án tán kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́.